Ṣé A Máa Sanwó Wo Èyí Náà?

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń gbé ní Aberdeen, ní orílẹ̀-èdè Scotland, kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wálé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí àbúrò máa tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà nìyẹn, ọmọ ọdún méje ni. Àwa méjì tó ń gbé Òṣogbo la gbà pé a máa mú wọn ṣeré kiri. Iṣẹ́ kékeré la kà á sí. Ṣebí ọmọdé ni wọ́n, a ó ra súyà, a ó ra àìsìkiriìmù, ó parí.

A ò mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí ní àṣà kan níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ní Aberdeen, tó bá ti di Sátidé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ìyá wọn ń kó wọn lọ. Ìlú òjò ni, ìlú òtútù ni, ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ kì í sì í gbowó ẹnu ọ̀nà, kí ni ìyá ọlọ́mọ méjì tún ń wá? Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ọkọ̀ ojú omi tó wà ní òpópónà Shiprow. Ẹni tó bá dúró lójú fèrèsé rẹ̀ á máa wo èbúté lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ṣe àwòṣe ibùdó Murchison, tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun, sínú ibẹ̀. Gíga rẹ̀ ju mítà 8 lọ, ọmọdé á máa wò ó láti àjà kan dé èkejì. Apá kan nínú ilé náà ti wà láti ọdún 1593. Èbúté fúnra rẹ̀ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1136 ni wọ́n ń kà á sí. Bí ojú ọjọ́ bá dára, wọ́n á kọjá sí apá Torry lọ wo ẹja dọ́fíìnì tó ń fò sókè lẹ́nu èbúté.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ohun tí èyí ẹ̀gbọ́n bi wá ni pé: "Níbo la ń lọ ní Sátidé?"

Òṣogbo kò dójú tì wá. A kó wọn lọ sí igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Wọ́n rí àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ. A sọ fún wọn pé Graz, ní Austria, ni wọ́n ti bí i ní 1915, pé ó dé ilẹ̀ wa, kò padà mọ́, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Wọn ò gbọ́. Ọ̀bọ ni wọ́n ń wò. Ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun kì í bẹ̀rù èèyàn, ọ̀kan já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ àbúrò, ọjọ́ yẹn sì di ọjọ́ tó dára jù láyé wọn.

Lọ́jọ́ kejì ni a wá ń lọ sọ́dọ̀ Màmá.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ èyí kó tán: ọmọ Ifọ́n ni bàbá wa, ọmọ Ìlobùú ni ìyá wa. Ẹ̀yin tó bá mọ agbègbè wa ti mọ ìdí tí a fi ní láti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ fojú inú wo ìlú méjì tí ilé wọn wọnú ara wọn, débi pé àlejò tó wọ mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ifọ́n ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òrolú. Ìlobùú ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Ìrẹ́pọ̀dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìrẹ́pọ̀dùn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, àdúrà ló ń gbà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà ti wà láàárín ìlú méjèèjì tipẹ́, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun náà wà nínú rẹ̀. Ní 2025, ó gbóná débi pé ẹ̀mí lọ, ilé jó, ìjọba ìpínlẹ̀ sì pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá, ọmọ Ìlobùú, wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ifọ́n nígbà yẹn. Bàbá ti kú. Kò sí ẹni tó lé e. Kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún un pé kò séwu. Nígbà tí wọ́n dẹ ọwọ́ òfin náà díẹ̀, a lọ gbé e wá sí Òṣogbo. Àpótí onírin kan ló gbé dání, kò gbé aṣọ míì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi wà lọ́dọ̀ wa, tó ń bèèrè lójoojúmọ́ pé ta ló ń bu oúnjẹ fún àwọn adìyẹ òun.

Ó ti padà sílé báyìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń kó àwọn ọmọ lọ.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ilé, a kọjá lára ilé kan tó jó nígbà ìjà yẹn. Kò ní òrùlé mọ́. Ògiri ṣì dúró, èéfín kun ojú fèrèsé rẹ̀ dúdú, koríko sì ti ń hù nínú pálọ̀. Àbúrò na orí síta. "Ṣé a máa sanwó wo èyí náà?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá wọn ló là á yé wa. Ní gúúsù Aberdeen, lẹ́bàá ìlú Stonehaven, ilé olódi àtijọ́ kan wà lórí àpáta létí òkun, Dunnottar lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé inú rẹ̀ kò lórùlé, ògiri lásán ló kù. Àwọn èèyàn ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gbé ọmọ wọn wá, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń jẹ sáńwíìsì lórí koríko. Nínú ọpọlọ ọmọ tó dàgbà síbẹ̀, ilé tí kò lórùlé, ilé ìran ni.

Kò sí ẹni tó dáhùn nínú mọ́tò. A yíjú sí ojú ọ̀nà.

Màmá ló dáhùn nígbà tí a délé tí ọmọ tún bèèrè. Ó ní, "Rárá o, ọkọ mi. Ìyẹn kì í ṣe ilé ìran. Ilé èèyàn ni."

Ìdáhùn yẹn ti tó fún ọmọ ọdún méje. Àwa ni kò tó fún. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń jà sí i láàárín ara wa. Nígbà wo gan-an ni ilé èèyàn ń di ilé ìran? Ta ló ní àṣẹ láti sọ pé ó ti dà bẹ́ẹ̀? Àti pé, kí ló yẹ kí a fi han ọmọ tó wá wo ìlú ìyá ìyá rẹ̀?

Ẹni tó bá ní kò sí ohun tí èèyàn lè wò ní Ìlobùú àti Ifọ́n kò mọ ibẹ̀ ni. Ẹ mú Erinlẹ̀. Òrìṣà ọdẹ àti oníṣègùn, tó wọlẹ̀ tó di odò. Ìlobùú ni wọ́n ń pè mọ́ orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń kì í. Odò náà ṣì ń ṣàn. Òun kan náà ni wọ́n dí ní Ẹdẹ fún omi ẹ̀rọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bú ara wọn lórí ààlà ló ń fi Erinlẹ̀ wẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Ẹ mú Olúfọ́n, òrìṣà funfun, bàbá arúgbó tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí orúkọ Ifọ́n wà lára orúkọ rẹ̀. Ẹ mú àwọn ère igi. Ulli Beier, ará Jámánì tó jẹ́ ọkọ Susanne Wenger nígbà yẹn, gbé ní Ìlobùú láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1957 lórí àwọn ère ojúbọ "ìlú Yorùbá kékeré kan". Ìlobùú ni ìlú kékeré náà. Ọkùnrin kan náà ló lọ dá Iwalewahaus sílẹ̀ ní Bayreuth ní 1981, ilé tí àwọn ará Jámánì ti ń wo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ tún mú àwọn àyàn bàtá Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ohun tí àgọ́ ìrìn-àjò afẹ́ ń wá kiri, a ní in, ó kún ilẹ̀.

Ohun tí a ò ní ni ìtàn tí kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó lọ́dọ̀ wa, ẹ ti mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀: ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló bá ta níbẹ̀, ta ló fún ta nílẹ̀. Bí ìtàn ìtẹ̀dó ṣe rí kárí ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, kò sí ẹ̀bi ńbẹ̀. Àmọ́ níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá wà, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn yẹn ti gbé lọ́yà. Odò kì í ṣe odò mọ́, ààlà ni. Ibojì kì í ṣe ibojì, ẹ̀rí pé a ti ń sìnkú síbí ni. Ojúbọ, igi ọ̀pẹ, ahéré bàbá àgbà, gbogbo wọn ti wọ kóòtù. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún wa pé a kì í sì í ti kóòtù dé ká sọ̀tàn.

Àwa méjì mọ ìtàn ìtẹ̀dó méjì, ọ̀kan láti ẹnu bàbá, ọ̀kan láti ẹnu ìyá. Wọn ò lè jọ jẹ́ òótọ́. A ò ní kọ ìkankan síbí. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ bínú. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sórí ayélujára nípa ìlú wa, àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé e, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, pé "ẹ wò ó, àwọn fúnra wọn ti jẹ́wọ́." A ti rí fídíò ọmọ ogún ọdún tó ń ka ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún bí ẹni ń ka ìwé gbèsè. Àwa náà ti tẹ ìfẹ́ràn sí irú fídíò bẹ́ẹ̀ rí, ká má purọ́.

Ní báyìí, ẹ fojú inú kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sáàárín ìlú méjèèjì. Ẹ gbé ère kan sínú dígí. Ẹ wá kọ ìwé kékeré tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Kí lẹ máa kọ síbi tó yẹ kí orúkọ ìlú wà? Ibẹ̀ ni ìjà ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó débẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ fún un lásìkò, ọgbẹ́ á jinná. Àwa náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí Dunnottar. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí ìjọba kó èèyàn 167 sí ní 1685, ọkùnrin 122, obìnrin 45, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti gbà pé ọba ni olórí ìjọ wọn. Wọ́n há wọn mọ́ra bí ẹja inú agolo, àwọn kan kú. Àwọn ọmọ wa ti sáré wọnú ihò yẹn rí, wọ́n pariwo kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ara wọn padà. Inú ẹnikẹ́ni kò bà jẹ́. Ṣé torí pé ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni? A ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ayé yìí, ìjà wà tó dàgbà ju ìyẹn lọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Lójú tiwa, ohun tó sọ ihò yẹn di ìran ni pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fi í gbà. Kò sí ẹni tó máa tọ́ka sí i kó ní "nítorí náà, oko yìí, tiwa ni." Ohun tí èèyàn bá ṣì lè fi jàre, kò tíì di ìran, ìbáà pẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ẹ wo Èsìẹ́. Ère òkúta tó lé ní 1,000 wà níbẹ̀, ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. (Ìjọba Ìbílẹ̀ tó wà náà ń jẹ́ Ìrẹ́pọ̀dùn, ti Ìpínlẹ̀ Kwara. Ó jọ pé orúkọ náà rọ̀ wọ́n lọ́rùn.) Kí ló fà á tí ó fi rọrùn níbẹ̀? Kò sí ẹni tó lè fìdí ẹni tó gbẹ́ ère wọ̀nyẹn múlẹ̀. Ohun tí a kò mọ olówó rẹ̀, kò ṣòro láti jọ wò.

Ohun tí a mọ olówó rẹ̀ ńkọ́? Aberdeen tún wọ ọ̀rọ̀ náà níbí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga yunifásítì ìlú náà ní orí ọba Benin kan tí wọ́n fi idẹ rọ, ọ̀kan lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Wọ́n rà á ní gbàǹjo ní 1957. Ní oṣù Kẹwàá 2021, wọ́n dá a padà. Inú wa dùn, a pín ìròyìn náà kiri. Nígbà tó yá, ìbéèrè dé: ta ni kó gba àwọn ohun wọ̀nyí sọ́wọ́, ààfin ọba ni àbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun? Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Benin ló ni wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MOWAA ní Benin fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún àlejò, àwọn tínú ń bí ya wọ ibẹ̀, ètò sì dàrú. A ò sọ èyí láti gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tí a rí ńbẹ̀ ni pé gbígbà á padà lọ́wọ́ òyìnbó kò nira tó kí àwa ọmọ ilé fẹnu kò.

Ibì kan wà tí Ifọ́n àti Ìlobùú ti ń gbé pọ̀ sá. Ó jìnnà díẹ̀ ni.

Ní Salvador, ìlú èbúté ní Bahia, ní Brazil, òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Oxalufã. Ẹ pè é sókè, ẹ máa gbọ́ Òrìṣà Olúfọ́n. Wọ́n ní ó rìnrìn àjò lọ kí Ṣàngó, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọ nù lójú ọ̀nà, ó dì í mú kó lè dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ Ṣàngó bá a pẹ̀lú ẹṣin, wọn ò bi í ní ìbéèrè kankan. Àlejò ni, ó di ẹṣin mú, olè ni. Ọdún méje ló lò lẹ́wọ̀n, òjò kò rọ̀, aboyún kò bí. Nígbà tí Ṣàngó mọ òótọ́, omi ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, aṣọ funfun ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ètò omi yẹn ní àwọn ilé Candomblé, wọ́n ń pọn omi wá, aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀. Àwọn ilé wọ̀nyẹn kan náà ló ń kí Inlé pẹ̀lú. Erinlẹ̀ nìyẹn. Ní Cuba náà, Inlé ni wọ́n ń pè é, òun ni oníṣègùn, òun ni àwọn apẹja ń ké pè.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa gbé orúkọ ìlú méjèèjì kọjá òkun, wọ́n sì tẹ́ ẹní fún wọn nínú yàrá kan. Ìgbà tí a kọ́kọ́ mọ èyí, ó dùn mọ́ wa débi pé a fẹ́ fi parí àròkọ yìí. Ọ̀kan nínú wa ló dá èkejì dúró. Ó ní, kí ló kó wọn jọ? Ìfẹ́ kọ́. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Wọ́n pàdánù ilẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun jà lé lórí. Ṣé ohun tí a fẹ́ kí ó bá àwọn ará ilé nìyẹn kí wọ́n tó rẹ́?

Òótọ́ ni. Síbẹ̀ èkejì kò jánu. Ó ní lóòótọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló kó wọn jọ, àmọ́ kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń pọn omi lọ́dọọdún. Ìyẹn, àwọn fúnra wọn ló yàn án. A fi í síbẹ̀.

Ohun tó kù wá ni ilé tó jó yẹn, ibẹ̀ sì la ti yapa jù.

Ọ̀kan nínú wa gbà pé ó yẹ kí a dúró níwájú rẹ̀ kí a sọ ohun gbogbo fún àwọn ọmọ: ẹni tó ni ín, ẹni tó sun ún, ìdí tó fi sun ún. Ó ní tí èèyàn bá ń sọ ìtàn ilé tó jó tí kò dárúkọ ẹni tó ṣáná sí i, ẹni tó ṣáná ló ń gbè lẹ́yìn. Àwọn tó pàdánù ilé lẹ́tọ̀ọ́ sí kí ayé mọ̀. Ó ní gbogbo "ẹ jẹ́ ká gbàgbé" tí a ń gbọ́ yìí, ẹnu ẹni tí ilé rẹ̀ kò jó ló máa ń ti jáde. Èkejì ní ọmọ yìí, ìdajì rẹ̀ Ifọ́n, ìdajì rẹ̀ Ìlobùú, kí a tó ka ti bàbá tirẹ̀ mọ́ ọn. Ìlú yòówù tí a bá dárúkọ, ara rẹ̀ ló máa kórìíra. Á gbé ìkórìíra yẹn wọ bàálù, á gbé e dé Aberdeen, ibi tí kò ti sí ẹni tó máa bá a tú u.

A ṣì ń jà á. Ṣùgbọ́n a kíyè sí ohun kan tí Màmá ṣe, láìjẹ́ pé ó jókòó rò ó bíi tiwa. Nígbà tó sọ pé ilé èèyàn ni, àwọn ọmọ bèèrè pé irú èèyàn wo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú ilé náà fún wọn. Maṣíìnì ìránṣọ méjì, ọ̀kan ti ọwọ́, ọ̀kan ti ẹsẹ̀. Firíìjì tí ìyá ilé fi ń ta omi tútù. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Àga onígi tí bàbá ilé máa ń gbé síta lálẹ́, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó lé. Aṣọ oníbàárà tí kò tíì rán tán, tí oníbàárà sì ṣì wá bèèrè. Ó kà á títí, àwọn ọmọ ń gbọ́, kò sí ìkankan nínú gbogbo ohun tó kà tó sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Kò purọ́ fún wọn o. Ó sọ pé èèyàn ló sun ún, kì í ṣe mànàmáná. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní "ta ni?", Màmá ní, "Màá sọ fún ẹ, àmọ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n sun ná."

Ìtò yẹn ló kù tí a fẹnu kò lé lórí, àwa méjèèjì. Ìbéèrè ta-ni kò gbọ́dọ̀ kú. Kóòtù ni kó bèèrè rẹ̀, kí ìjọba bèèrè rẹ̀, kí ọmọ náà bèèrè rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà tó. Àmọ́ bí òun bá fi jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, kò ní sí ààyè fún èkejì. Ẹ kíyè sí i pé àwa náà kò sọ fún yín ará ibo ló ni ilé yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bínú díẹ̀ pé a ò sọ ọ́. Ìbínú yẹn gan-an la ní lọ́kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gbé àpótí onírin náà síta. Ó tú u sórí ẹní. Òfì ìgbéyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, fọ́tò bàbá pẹ̀lú fìlà gọ̀bì, rìsíìtì owó orí tó ti pọ́n, àti agbádá funfun kan tí bàbá bàbá wa wọ̀ nílé ọdún Òrìṣà ní Ifọ́n. Òkúta odò mẹ́rin wà nínú àpò aṣọ kékeré. Ìyá Màmá ló kó wọn láti inú Erinlẹ̀, láyé ìgbà tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sínú awo ọta, ìkòkò Erinlẹ̀, tí wọ́n á bu omi odò sí i. Mùsùlùmí ni Màmá, kì í bọ òkúta. Kò sì dà wọ́n nù.

Àbúrò káwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa wo nǹkan nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ní, "Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?"

Màmá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Kí ló dé tí o ò ní fọwọ́ kàn án? Ti ìyá rẹ ni."

Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sétí, bí ẹni pé ó máa gbọ́ omi.

Wọ́n ti padà sí Aberdeen láti oṣù Kìíní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù ìyá rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fi òrùlé sí ilé yẹn. A wa mọ́tò lọ wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti ro koríko inú pálọ̀, wọ́n sì ti kó yanrìn ẹ̀kún ọkọ̀ kan síwájú rẹ̀. Wọn ò tíì kan páànù.